Ọkùnrin Tó Fẹ́ Jẹ́ Nọ́ńbà Kìn-ín-ní

Ẹni tó bá ń ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Upenmen yóò rí Ẹ́sítéètì Ìtura lọ́wọ́ òsì, kété lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìjọba ló kọ́ ọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí agbára wọn kò ká ilé kíkọ́: ogójì ilé kéékèèké, yàrá méjì-méjì, òrùlé páànù, àti àgbàlá tó fẹ̀ díẹ̀ tí ènìyàn lè fi gbin ilá àti ata. Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti awakọ̀ ìjọba ti ń gbé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì yà wo ibi tí wọ́n wà. Ìgbà tí wọ́n da ọ̀dà sójú títì náà ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Àwọn olówó láti Àkúrẹ́ àti Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà, wọ́n ń wó o, wọ́n ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i, wọ́n ń mọ ògiri tó ga ju ti ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ.

Ìgbà náà gan-an ni wọ́n fi Jonah Akínjídé, ọmọ Emure-Ile, ṣe alábòójútó ẹ́sítéètì.

Kí n má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Kì í gba rìbá, kì í lu ìyàwó, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ ìsinmi. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá a jà: ó fẹ́ kí gbogbo ojú máa wo òun. "Alábòójútó" ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Kí oṣù kan tó pé, ó ti di Olùdarí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti di Olùdarí Àgbà, Olùṣọ́ Àlàáfíà, Baba Gbogbo Olùgbé. Ṣèyíọlá, akọ̀wé rẹ̀, ni yóò dìde láràárọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sókè kí ọ̀gá tó wọ ọ́fíìsì. Bí ó bá fo ọ̀kan, ọ̀gá yóò padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò tún un wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pàápàá yàtọ̀. Èdè Ọ̀wọ̀ ni gbogbo ẹ́sítéètì ń sọ láàrin ara wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n fi ń ka ìròyìn lórí rédíò ni Akínjídé fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni pé láti ibòmíràn ló ti wá. Bí ó bá fẹ́ sọ pé omi kò sí, yóò ní, "Ìpèsè omi ti wọ inú ìsinmi ráńpẹ́." Àwọn ènìyàn á wo ara wọn, wọn á gbé kèrègbè wọn, wọn á gba ìdí kànga lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Nọ́ńbà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ilé ìjọba tí wọ́n fún un. Ta wá ni Nọ́ńbà Kìn-ín-ní? Màmá Monica ni, obìnrin Àkókó kan tó ti ṣe agbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ́sítéètì, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti wá. Ìyá náà kì í tilẹ̀ rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí Akínjídé bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, tó rí "1" tí wọ́n fi ẹfun kọ sára ògiri, yóò dà bí ẹni pé wọ́n gbé àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí olè ṣe dé ẹ́sítéètì. Ọdẹ àgbàlagbà méjì ló ń ṣọ́ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Akínjídé wo ẹ̀wù wọn, ó ní kò bá irú àwọn ènìyàn tó ń kó wọ àdúgbò mu, ó sì lé wọn lọ. Ó wá ri pátákó ńlá kan mọ́ ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: OLÈ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ IBÍ. ÀṢẸ OLÙDARÍ ÀGBÀ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dá ọkùnrin náà lójú pé olè mọ̀wé kà.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti tú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n gbé pátákó náà lọ.

Akínjídé ronú jinlẹ̀. Iná sólà mọ́kànlá ló wà lórí òpó lójú pópó, ó sì hàn sí i pé àwọn ni olè yóò kàn. Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú kan tí gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú òṣìṣẹ́ méjì wá, ó ní kí wọ́n tú gbogbo iná náà kí wọ́n kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn nínú ilé òun, kí olè má baà rí wọn jí. Òpópónà ṣú dùdù. Nígbà tí àwọn ènìyàn béèrè iná wọn, Ṣèyíọlá dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, a kì í sọ ọ́ síta. Olè wá rí òkùnkùn tó wù ú. Láàrin oṣù yẹn, kò sí ilé tí kò pàdánù nǹkan, yálà ìkòkò, yálà rédíò, yálà adìẹ.

Wọ́n jí ẹ̀rọ wẹ́dà Lateef pẹ̀lú. Lateef yìí jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń jó irin pọ̀, tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé Màmá Monica. Ẹ̀rọ náà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ fi ẹjọ́ sun ní ọ́fíìsì pẹ̀lú omi lójú. Akínjídé gbọ́ ọ títí, ó gbé orí sókè, ó sì sọ fún Ṣèyíọlá pé olè tó bá gbọ́n, tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jí, kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí i. Ṣèyíọlá pàtẹ́wọ́. Lateef nu ojú. Ó padà sílé.

Bí àwọn olówó tuntun ṣe ń fi ẹjọ́ sun lójoojúmọ́, ọ̀gá nílò ẹni tí yóò na ìka sí. Ó pe ìpàdé sábẹ́ tánkì omi. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó sọ ìtàn bí wọ́n ṣe bí i, ó sọ bí òun ṣe gba ipò kejì ní kíláàsì, ó sì sọ pé bí kò bá sí òun, ẹ́sítéètì ì bá ti di ìgbẹ́. Nígbà tó parí gbogbo rẹ̀, ó wá dé ibi ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin olùgbé mi ọ̀wọ́n," ó ní, "olè dà bí èèrà. Èèrà kì í ṣàdédé wá, ṣúgà ló máa ń pè é. Mo ti wá ṣúgà náà títí, mo sì ti rí i. Nọ́ńbà Kìn-ín-ní ló wà."

Gbogbo ojú yí sí Màmá Monica. Ìyá náà tún ìborùn rẹ̀ wé. "Ọ̀gá, ṣúgà kò sí nílé mi o," ó ní. "Ó ti di ọdún mẹ́ta tí dókítà ti kà á léèwọ̀ fún mi."

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ tánkì. Kò sí ìwà ibi nínú ẹ̀rín náà, ọ̀rọ̀ ìyá ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí wọn kò rẹ́rìn-ín sí rí láti ọjọ́ tó ti joyè fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ náà ló pinnu pé ìyá yóò lọ.

Ó kọ́kọ́ rán Ṣèyíọlá sí i pé yàrá kan ṣófo nínú ilé ìjọba kan ní Upenmen, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún àgbàlagbà. Màmá Monica dáhùn pé ìwé ilé òun wà lọ́wọ́ òun, pé ibẹ̀ ni òun ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, pé obìnrin mọ́kàndínlógún ni ọmọ mú lójijì ní ẹ́sítéètì yìí tó jẹ́ pé orí ẹní pálọ̀ òun ni wọ́n bí i sí. Òun kò lọ sí Upenmen.

Akínjídé bá kọ ìwé sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé ìjọba ní Àkúrẹ́. Ó kọ ọ́ pé ibùba olè ni Nọ́ńbà Kìn-ín-ní, pé wẹ́dà kan tó ń gbé ibẹ̀ ló jí iná sólà mọ́kànlá. Ó mọ ibi tí iná wà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà dùn ún kà, kò sì fẹ́ fi òótọ́ bà á jẹ́. Ó kádìí rẹ̀ báyìí: "Kí a kó ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ilé náà jáde, ìbáà ṣe ẹni ńlá, ìbáà ṣe ẹni kékeré. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ní ènìyàn pàtàkì ni òun, kí a má ṣe dá a lóhùn, nítorí irọ́ pípa ni iṣẹ́ wọn."

Kóòtù kì í sáré. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Ká ní Akínjídé lè mú sùúrù ni, ìtàn yìí ì bá parí sí ẹkún. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gba iwájú ilé ìyá kọjá lójoojúmọ́, tó ń rí "1" tí wọ́n fi ẹfun kọ, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ kan ó kéde pé kíka ilé láti ẹnu ọ̀nà jẹ́ àṣà àtijọ́. Láti òní lọ, ọ̀dọ̀ Olùdarí Àgbà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Báyìí ni Nọ́ńbà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n ṣe di Nọ́ńbà Kìn-ín-ní, tí ilé Màmá Monica sì di Nọ́ńbà Kẹẹ̀ẹ́dógún. Kò béèrè lọ́wọ́ Àkúrẹ́.

Ó fẹ́ kí nọ́ńbà tuntun náà jẹ́ irin, kí ó ga débi tí awakọ̀ yóò fi rí i láti títì. Wẹ́dà kan ṣoṣo ló sì wà nítòsí. Lateef yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìdògún, ó gé "1" náà, ó jó o mọ́ géètì ọ̀gá, ó dúró dáadáa. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù níwájú géètì náà. Akínjídé pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá tún pe ilé òun ní Nọ́ńbà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n yóò kó gọ́tà fún Sátidé mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ tí àṣẹ náà mú ni Ṣèyíọlá, tí ẹnu rẹ̀ ṣì lọ́jọ́ kejì. Ó kó gọ́tà náà lójú ọmọ àti ìyàwó.

Láàrin ìgbà yìí, kóòtù fi ìwé ìpè ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹni tó ń gbé Nọ́ńbà Kìn-ín-ní, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó ń mú lẹ́tà kiri rí irin tó ga tó ènìyàn lára géètì, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Akínjídé wo ara àpòòwé: "Sí ẹni tó ń gbé Nọ́ńbà Kìn-ín-ní." Oyè kankan kò sí lára rẹ̀. Akínjídé kì í ṣí lẹ́tà tí kò bá ní oyè. Ó fi wọ́n sábẹ́ fìtílà.

Nítorí náà, kóòtù kò rí ẹnikẹ́ni tó yọjú. Ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n kó wọn jáde.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni Hàlímàt, òṣìṣẹ́ kóòtù, wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì àti alágbàṣe mẹ́jọ nínú lọ́rì. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ìwé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ yà sí láti kí ọ̀gá àdúgbò. Inú Akínjídé dùn débi pé ó dìde dúró fún àlejò. Ó yin òfin. Ó ní kí wọ́n má fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni, pé bí ará ilé náà bá sunkún, kí wọ́n máa gbé ẹrù lọ. Hàlímàt ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà nínú ìwé. Akínjídé wá ní kí Ṣèyíọlá mú wọn lọ, òun ń pààrọ̀ ẹ̀wù bọ̀, nítorí ó fẹ́ wọ agbádá tó fi kọ́ sí ọ́fíìsì kí ó tó lọ wo bí wọ́n ṣe ń lé ìyá náà.

Ní oríta tó wà láàrin ẹ́sítéètì, Hàlímàt béèrè ibi tí Nọ́ńbà Kìn-ín-ní wà.

Ṣèyíọlá mọ ilé tí ọ̀gá ní lọ́kàn. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ó na ọwọ́ díẹ̀ sí ọ̀nà ilé Màmá Monica, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí gọ́tà. Ó rántí Sátidé mẹ́ta. Ọwọ́ náà yípo díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró sí ọ̀kánkán géètì onírin.

"Ṣé ó dá yín lójú?" Hàlímàt bi í.

"Mà, òun nìkan ni Nọ́ńbà Kìn-ín-ní tí àṣẹ gbà wá láyè láti pè," ni Ṣèyíọlá wí.

Àwọn alágbàṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àga ìrọ̀gbọ̀kú jáde, fíríìjì jáde, fọ́tò ńlá méje jáde, Akínjídé ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹnì kan sáré lọ pe Abigail, ìyàwó rẹ̀, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ni. Obìnrin náà dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó rí ibùsùn rẹ̀ lójú títì, ó sì jókòó lé e. Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ. Ẹlòmíràn ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí ó bá wo ojú Abigail, yóò gbé e mì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn alágbàṣe dé yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n gbé iná sólà kan jáde, wọ́n gbé òmíràn. Lateef ń kà wọ́n jẹ́ẹ́, títí ó fi dé mọ́kànlá. Hàlímàt pàápàá, tó ti rí ọ̀rọ̀ iná wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀, mú bírò, ó sì kọ nǹkan síbẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Akínjídé yọ nínú agbádá funfun, ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sílẹ̀ lọ́kàn. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ènìyàn ló wá kí òun. Lẹ́yìn náà ló rí fọ́tò rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ó ní àṣìṣe ni. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà, pé ṣé wọn kò mọ ẹni tí òun jẹ́ ni? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hàlímàt dúró kí ó parí, ó ṣí ìwé náà, ó sì kà á fún un bí ẹni ń ka Bíbélì: "Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ní ènìyàn pàtàkì ni òun, kí a má ṣe dá a lóhùn." Ó pa ìwé dé. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, sà," ó ní.

Yorùbá rédíò sá kúrò lẹ́nu Akínjídé. Èdè Emure-Ile ló bọ́ sí, èyí tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bínú, ó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ẹ́sítéètì gbọ́ ohun tó ń sọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, lọ́rì sì ti ń múra àtilọ.

Màmá Monica ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbé ẹrù náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kí òjò tó dé," ó ní. "Abigail, ọmọ mi, dìde níbẹ̀." Lateef gbé ibùsùn lérí. Àwọn tó kù gbé ìyókù. Akínjídé dúró sídìí géètì rẹ̀ tí wọ́n ti tì, òjò ń rọ̀ sí agbádá náà, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kí ó tẹ̀lé wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn àgbà mẹ́ta tí kóòtù rán wá láti Àkúrẹ́ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn ti ṣe adájọ́ rí. Wọ́n pe Màmá Monica, wọ́n ní èwo gan-an ni Nọ́ńbà Kìn-ín-ní. Ẹnì kan ti sọ fún un lóru àná pé kí ó dákẹ́, pé bí ó bá ní tòun ni, ìwé náà lè padà sórí òun. Ìyá náà ní òun kò lè torí ilé purọ́. Ó ní ilé òun ni Nọ́ńbà Kìn-ín-ní láti ìbẹ̀rẹ̀, pé Kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ti ọ̀gá, kí wọ́n dá ilé ọ̀gá padà fún un.

Adájọ́ àgbà náà mi orí. Ó ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ilé ìyá àti Lateef ti wó lulẹ̀ lọ́jọ́ tí iná jáde láti yàrá ẹlòmíràn, nítorí náà kí ìyá máa lọ jókòó, ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó wá kọjú sí Akínjídé. Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ilé rẹ̀ bá jẹ́ Nọ́ńbà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, a jẹ́ pé ilé mìíràn ni wọ́n ṣèèṣì wọ̀. Yóò gba ilé rẹ̀ padà, yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àti Lateef, wọn yóò bá a wí lórí ọ̀rọ̀ iná, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Nọ́ńbà Kìn-ín-ní, kóòtù kò ṣe àṣìṣe. Ilé lọ, iṣẹ́ lọ.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni," ó ní. "Nọ́ńbà mélòó ni ilé yín?"

Abigail ti bá a sọ ọ́ láti àárọ̀. Ó ti mú kí ó wí i tẹ̀lé òun nínú mọ́tò, bí ó ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀: kẹtàdínlọ́gbọ̀n, kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Akínjídé dìde. Ó la ẹnu. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí gbogbo ẹ́sítéètì, ó rí àwọn olówó tuntun nínú ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù wọn, ó rí Ṣèyíọlá, tó ń mi orí sí i pé kí ó sọ ọ́. Ètè rẹ̀ mú "kẹ" jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn fà síwájú, pẹ̀lú Màmá Monica.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó tún agbádá rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ilé tèmi," ó ní, "ni Nọ́ńbà Kìn-ín-ní."

Abigail fi ọwọ́ bo ojú. Adájọ́ àgbà náà wò ó pẹ́, bóyá yóò yí i padà. Kò yí i. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé bàbá rẹ̀ ní Emure-Ile ló ń gbé báyìí, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ náà sì ń ṣe dáadáa. Abigail kò lè fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, nítorí náà Màmá Monica fún un ní yàrá kan, ó sì máa ń lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọdẹ méjèèjì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Iná ti padà sórí òpó, Lateef ló jó ìdí wọn mọ́ irin lọ́fẹ̀ẹ́. Olè ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Abigail gbé iyán ka iwájú ọkọ rẹ̀. Akínjídé ti fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan láti oṣù mélòó kan. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó tún fọ ọ́. Ó wá béèrè ohun tí àwọn ará ẹ́sítéètì ń sọ nípa òun.

Abigail ronú bóyá kí òun purọ́. "Wọn kì í sọ nǹkan kan," ó ní. "Omi ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè."

Akínjídé bu òkèlè kan, kò fi sẹ́nu. Ó ní, "Ta ló wá ń bá wọn la ìjà náà?"

"Ẹ jẹ iyán yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ń tutù."